Aso Rock ti sá lọ bá oòrùn: kí ni ayálégbé Àbújá ń dúró dè?

Akọ̀wé Garki
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀ kí iṣẹ́ òòjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ètò ìsúná ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ ya bílíọ̀nù 10 náírà sọ́tọ̀ láti fi gbé sólà sí Aso Rock. Ẹ̀yin tí ẹ kì í gbàgbé nǹkan á rántí oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí AEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná ní Àbújá, to orúkọ àwọn ajẹgbèsè iná síta: iléeṣẹ́ ìjọba 86, gbèsè bílíọ̀nù 47.2 náírà, Aso Rock náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú mílíọ̀nù 923 ó lé díẹ̀. Wọ́n tún ìwé yẹ̀ wò, ó di mílíọ̀nù 342, Ààrẹ sì ní kí wọ́n san án. Ní báyìí, ilé tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún iná gbogbo Nàìjíríà ti ń gbójú sókè wo oòrùn. Bí olórí alásè bá ń ra oúnjẹ níta, kí ni àwa tí a jókòó sídìí tábìlì ń retí?

Ìbéèrè mi nìyí. Ilé oníyàrá méjì ni, ní Garki, orí Band A ló wà, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 iná lójúmọ́ fún. Fíríìjì kan, tẹlifíṣọ̀n kan, fáànù mẹ́ta, gílóòbù mẹ́fà, laptop kan, àti router tí kì í sùn. Kò sí AC. Àwọn tó ń ta sólà lọ́jà, orin kan náà ni gbogbo wọn ń kọ: "KVA mẹ́ta àbọ̀, bátìrì méjì, páànẹ́lì mẹ́ta. Ọ̀gá, á gbé gbogbo nǹkan." Á gbé gbogbo nǹkan fún wákàtí mélòó? Ibẹ̀ ni ẹnu wọn ti ń wọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọṣẹ́, ẹ bá wa dá sí i.

Baba Oníná Kubwa
Akọ̀wé, ẹ kú àárọ̀. KVA tí wọ́n ń pè yẹn, ẹnu kèrègbè ni, kì í ṣe omi inú rẹ̀. Ẹnu kèrègbè ló ń sọ bí omi ṣe lè ya jáde tó lẹ́ẹ̀kan náà. Omi gan-an ni yúnìtì, ìyẹn kWh tí mítà yín ń kà. Bátìrì ló ń tọ́jú omi, páànẹ́lì ló ń pọn ọ́n. Ẹni tó bá ta KVA fún yín tí kò dárúkọ yúnìtì, kèrègbè òfìfo ló tà.

Ẹ jẹ́ ká ka ti yín. Gílóòbù mẹ́fà tó jẹ́ 9W, wákàtí 5: 270. Fáànù mẹ́ta tó jẹ́ 60W, wákàtí 8: 1,440. Tẹlifíṣọ̀n 60W, wákàtí 5: 300. Laptop 65W, wákàtí 6: 390. Router pẹ̀lú fóònù tó ń gba iná, 12W láti àárọ̀ dé àárọ̀: 288. Fíríìjì 150W kì í ṣiṣẹ́ fún wákàtí 24, ó máa ń sinmi. Ẹ fún un ní wákàtí 8 gidi: 1,200. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,888Wh. Ẹ pè é ní yúnìtì 3.9 lójúmọ́.

Ẹ̀yin ará, ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣì í nìyí: inverter fúnra rẹ̀ ń jẹun. Ẹ pa gbogbo nǹkan inú ilé, ẹ fi òun nìkan sílẹ̀, á ṣì máa mu bíi 50W. Ní wákàtí 24, yúnìtì 1.2 nìyẹn, ó tó ti fíríìjì. Ẹ wá fi ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún kún 3.9 náà fún ohun tó ń ṣòfò nígbà tí iná ń yí padà láti bátìrì. Ó ti di nǹkan bíi yúnìtì 5.4.

Ti alẹ́ nìkan, láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí aago méje àárọ̀, súnmọ́ 3.7. Bátìrì méjì tí wọ́n ń tà fún yín yẹn, 12V 220Ah ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. 2.64 lọ́nà méjì jẹ́ 5.28, ṣùgbọ́n bátìrì olómi kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ tí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Ó ku 2.64. Oúnjẹ 2.64 fún ẹni tí ebi 3.7 ń pa. Kí àkùkọ tó kọ, inverter á ti máa ké "pí-pí-pí".

Ẹlẹ́nu Wuse
Nítorí náà "gbogbo nǹkan" tó ń gbé, títí di aago mẹ́ta òru ni. Ẹnu dídùn ni ìgbín fi ń gun igi.

Aṣírò Lugbe
Ẹ jẹ́ kí n da omi tútù sí i díẹ̀ kí wọ́n tó ta sólà fún ẹni tí kò nílò rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná, gbé owó Band A láti bíi 68 náírà lọ sí 225. Lẹ́yìn náà ó wá sí 206.80 ní oṣù karùn-ún, ó padà sí 209.50 ní oṣù keje. Ẹ fi owó orí VAT 7.5% lé e, ó tún di 225. (Ọ̀nà tí ènìyàn fi ń dín owó kù láìdín in kù nìyẹn.) Yúnìtì 3.9 lọ́nà ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ 117. Ẹ fi 225 sọ ọ́ di púpọ̀: 26,325 náírà lóṣù.

Ká ní gbogbo iṣẹ́ sólà náà, pẹ̀lú owó oníṣẹ́, jẹ́ mílíọ̀nù 2.5. Ẹ fi 26,325 pín in. Oṣù 95 ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́jọ. Ẹni tó bá wà lórí Band A, tí wákàtí 20 náà sì ń pé lóòótọ́, kó má tan ara rẹ̀ pé owó ni òun fẹ́ fi pa mọ́. Ìfọ̀kànbalẹ̀ ló fẹ́ rà, ìyẹn náà sì dára, ṣùgbọ́n kó pe orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ fún ẹni tó wà lórí Band C, tó jẹ́ wákàtí 12, tàbí D, tó jẹ́ 8. Ẹni yẹn ń tan jẹnẹrétọ̀. Kékeré tó jẹ́ 2.5KVA, bí ẹrù rẹ̀ kò bá wúwo, á mu bíi lítà 0.7 ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́fà, lítà 4.2. Tí lítà bá jẹ́ 1,000 náírà, 4,200 lójúmọ́ nìyẹn, 126,000 lóṣù. Mílíọ̀nù 2.5 kan náà á padà láàárín oṣù 20. Ẹ má sì gbàgbé pé ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, NNPC ń ta lítà ní 537 ní Àbújá. Ní oṣù keje ó di 617. Ní oṣù kẹwàá 2024 ó di 1,030. Oòrùn kò tíì gbé owó lé orí.

Ẹlẹ́nu Wuse
Ẹ má sọ̀rọ̀ sókè, Aṣírò. Wọ́n lè gbọ́.

Nípa Band A, Mínísítà tó ń rí sí iná ti sọ fún wa ní oṣù kẹrin 2024 pé ìfowó-iná-ṣòfò ni ká fi firísà sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá lọ síbi iṣẹ́. Ó tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà. Firísà ní tirẹ̀ kò tíì dáhùn.

Aṣírò Lugbe
😂 Ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín o. Àṣẹ NERC ní tí fídà Band A (ìlà tó ń gbé iná wá sí àdúgbò) kò bá fún yín ní wákàtí 20 fún ọjọ́ méjì léra, iléeṣẹ́ tó ń pín iná gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn kó tó di aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Tó bá di ọjọ́ méje léra, kí wọ́n já fídà náà sí band tó yẹ ẹ́. Ẹ máa kọ wákàtí sílẹ̀: ìgbà tó dé, ìgbà tó lọ. Orúkọ fídà ni kí ẹ bi wọ́n, kì í ṣe orúkọ àdúgbò. Òpópónà kan náà lè ní fídà méjì, kí ọ̀tún wà lórí A, kí òsì máa wò.

Tísà Físíìsì Gwagwalada
Baba Oníná ti sọ ti bátìrì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti páànẹ́lì mẹ́ta, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ sólà Àbújá ti ń kú ní ọ̀sán gangan, tí oníṣẹ́ á sì ní inverter ló bàjẹ́.

Ẹ yí páànẹ́lì 550W sẹ́yìn, ẹ ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ó rí Voc, bíi 49.9V: iye fóltì tó ní nígbà tí kò gbé ẹrù. Ẹ ó rí Vmp, bíi 41.9V: iye tó ní nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìwé inverter, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ MPPT sí, ìyẹn apá tó ń gba iná páànẹ́lì wọlé. Oríṣi méjì ló pọ̀ lọ́jà. Ti àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ rí ju 145V lọ. Ti èkejì ń gbà tó 450 tàbí 500V, àmọ́ kò ní jí rárá tí ohun tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò bá tó 120V.

Ẹ so páànẹ́lì mẹ́ta léra mọ́ oríṣi àkọ́kọ́: 49.9 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 149.7. Ó ti kọjá. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́ tí gbogbo nǹkan tutù, fóltì tún ń ga sí i, ó lè tó 153. Oòrùn àkọ́kọ́ tó bá yọ ló máa jó ojú MPPT yẹn, ẹni tó tà á fún yín á sì ní mànàmáná ojú ọ̀run ni. Nínú ọyẹ́!

Ẹ so mẹ́ta kan náà mọ́ oríṣi kejì: 41.9 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 125.7. Ó kọjá 120, gbogbo wa dúpẹ́. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n fóltì tí wọ́n kọ sẹ́yìn páànẹ́lì, ti 25°C ni. Ní oṣù kẹta ní Gwagwalada, dígí páànẹ́lì máa ń gbóná tó 65°C. Fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tó fi ju 25 lọ, páànẹ́lì ń pàdánù bíi 0.34 nínú ọgọ́rùn-ún. Ogójì ìwọ̀n, ó ti pàdánù ìdá 13.6. 125.7 ti di nǹkan bíi 109. Inverter lè pa ojú dé. Oòrùn wà lókè bí abọ́ iná, páànẹ́lì ń gbóná, ohun tó ń wọ bátìrì lè má tó nǹkan. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí ara rẹ̀ bá silẹ̀, ó tún jí. Bí ẹ bá rí sólà tó ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tó ń sùn lọ́sàn-án, ẹ má pe wòlíì.

Páànẹ́lì mẹ́rin ni kí ẹ rà. Lórí oríṣi kejì, ẹ so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin léra: 167.6, tó bá gbóná ó jẹ́ bíi 145, ó dára. Lórí oríṣi àkọ́kọ́, ẹ so wọ́n ní méjì-méjì, kí ẹ wá pa ọ̀wọ́ méjèèjì pọ̀: fóltì kò ní ju bíi 102 lọ.

Baba Oníná Kubwa
Tísà, Ọlọ́run á bù kún yín. Yàtọ̀ sí ti fóltì, yúnìtì 5.4 náà fẹ́ mẹ́rin. Ní Àbújá, inú oṣù kẹjọ ni kí ẹ ti ṣírò, kì í ṣe inú oṣù kejì. Nígbà òjò, oòrùn tó jọjú kì í ju bíi wákàtí 4 lọ lójúmọ́. Páànẹ́lì mẹ́ta, 1,650W lọ́nà 4, ẹ yọ ìdá márùn-ún kan fún eruku, ooru àti wáyà: 5.3. Ó ku díẹ̀ káàtó. Mẹ́rin á fún yín ní 7.

Ìyá Káyọ̀dé Nyanya
Ẹ kú ìmọ̀ o. Ẹni tó bá ń lọ sọ́jà, kó mú okùn ìwọ̀n (tepu) dání, kó sì mú ẹni tó lágbára dání.

Okùn ìwọ̀n fún páànẹ́lì. Oòrùn ń fún mítà kan níbùú lóròó ní 1,000W, páànẹ́lì tó dára sì ń mú bíi 21 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Nítorí náà 550W gidi gbọ́dọ̀ tóbi tó bíi mítà 2.28 sí 1.13. Tí ẹ bá wọn èyí tí wọ́n kọ 550W sí, tó jẹ́ mítà 1.7 sí 1, bíi 350W ni, ohun yòówù kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Bébà kì í mú iná wá.

Ẹni tó lágbára fún bátìrì. Páànẹ́lì 550W wúwo tó bíi kílò 28. Bátìrì lithium 51.2V 100Ah, ẹyọ sẹ́ẹ̀lì 16 ló wà nínú rẹ̀, kílò 45 sí 50 ló máa ń tó. Tí ọmọ ọdún méjìlá bá gbé e sí èjìká tó ń súfèé lọ, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kò pé. Bátìrì olómi 220Ah tí omi wà nínú rẹ̀, ọkùnrin méjì ló ń gbé e.

Kí ẹ tó sanwó, kí wọ́n so multimeter mọ́ páànẹ́lì lójú yín nínú oòrùn: Voc rẹ̀ gbọ́dọ̀ súnmọ́ ohun tí wọ́n kọ, kó fi díẹ̀ dín nítorí ooru. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dúró síbẹ̀. Fóltì nìkan kò tó, nítorí páànẹ́lì tó ti ya nínú lè ní fóltì tó pé. Kí wọ́n yí i sí 20A, kí wọ́n ka Isc, iye iná tó ń ṣàn: bí ọ̀sán bá mọ́lẹ̀ dáadáa, kó máa sún mọ́ 13 tàbí 14. Tó bá jẹ́ 6, ẹ kí wọn, ẹ máa lọ.

Akọ̀wé Garki
Ìyá Káyọ̀dé, ẹ ṣeun gan-an. Ṣé ó dára kí ènìyàn rà á ní Èkó, kó gbé e wá? Wọ́n ní ó dínwó níbẹ̀.

Ìyá Káyọ̀dé Nyanya
Ó lè dínwó, ọ̀nà Lọ́kọ́ja á sì gba ìyókù. Páànẹ́lì kì í fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìdúró ni wọ́n ń to ó, lórí etí rẹ̀ tó gùn, páálí nípọn láàárín wọn àti ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n dè é mọ́ ara ọkọ̀. Tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, tí wọ́n gbé àpò gààrí lé e, tí ọkọ̀ wá ń bọ́ sí kòtò láti Ọkẹ́nẹ́ dé Abaji, dígí lè má fọ́, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ á ya wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí. Ẹ ó mọ̀ ní oṣù mẹ́fà.

Ẹ má ronú ọkọ̀ òfuurufú fún bátìrì. Ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èrò kò ju 160Wh lọ. Tiyín jẹ́ 5,120.

Ọmọ Ọ̀fà Sabon Gari
Ẹ kú ọ̀rọ̀ láti Kánò. Ẹ̀yin ará Àbújá, ẹ ń sọ̀rọ̀ Band A bí ẹni tó ń sọ irú ẹja tó wù ú. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá 2024, iná lọ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Àríwá, wọ́n ti ba ìlà 330kV Shiroro sí Kaduna jẹ́, èyí tó kù tó wá láti Ugwuaji náà já. Ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó padà. Ní àkókò yẹn kò sí Band A, kò sí Band E: Band òkùnkùn ni gbogbo wa.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni ọyẹ́. Oòrùn wa pọ̀ ju tiyín lọ, eruku wa náà sì pọ̀ jù ú lọ. Láti oṣù kọkànlá títí wọ inú oṣù kejì, eruku tó ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Chad á bo páànẹ́lì bí ìyẹ̀fun èlùbọ́. Bí ẹ bá fi ìka kọ orúkọ yín sára páànẹ́lì tó sì hàn kedere, ó ti pẹ́ jù.

Ní Kánò, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ká máa fọ̀ ọ́ nínú ọyẹ́. Ní Àbújá, ọ̀sẹ̀ méjì lè tó. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ara rẹ̀ tó gbóná. Ẹni tó bá da omi tútù sí dígí tó gbóná lọ́sàn-án ń wá bí yóò ṣe sán. Omi lásán, aṣọ rírọ̀ tàbí fóòmù tó ní ọ̀pá gígùn. Kò sí ọṣẹ olómi: á fi nǹkan sílẹ̀ lára dígí tí eruku ọ̀la á lẹ̀ mọ́. Kò sí kànìnkànìn onírin rárá. Tí omi kànga yín bá ní iyọ̀ tó ń fi àmì funfun sílẹ̀, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún kí oòrùn tó yọ. Òjò àkọ́kọ́ ọdún kì í fọ páànẹ́lì, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ṣe ló ń po eruku náà di ẹrẹ̀, tí á wá dì sí etí ìsàlẹ̀ níbi tí férémù wà.

Ìgbẹ́ ẹyẹ burú ju eruku lọ. Eruku ń dín gbogbo rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀. Ìgbẹ́ ẹyẹ bo sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, sẹ́ẹ̀lì yẹn á wá di ẹni tó ń mu iná àwọn yòókù, á gbóná, á jó di àwọ̀ ilẹ̀. Òjìji ọ̀pá dísìkì DSTV náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Lándílọ́ọ̀dù Karu
Mo ti ń kà á láti àárọ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni òrùlé.

Ẹlẹ́nu Wuse
Ọ̀gá, ẹ dákẹ́ kí wọ́n má bàa rántí yín. 🙏

Lándílọ́ọ̀dù Karu
Mi ò ní dákẹ́. Oníṣẹ́ yín á gun páànù, á lu ihò mẹ́rìndínlógún, á sọ̀kalẹ̀, á gba owó, á lọ. Ní oṣù kẹfà òjò á máa kán sí àárín bẹ́ẹ̀dì, ayálégbé á sì pe lándílọ́ọ̀dù pé òrùlé ń jò.

Baba Oníná Kubwa
Ọ̀rọ̀ Lándílọ́ọ̀dù tọ̀nà, ẹ má bínú sí i. Páànù long span ní òkè àti kòtò. Orí òkè rẹ̀ ni kí wọ́n lu ihò sí, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń gbà kọjá. Kí ihò náà bọ́ sí ara igi purlin tó wà lábẹ́, kí wọ́n fi rọ́bà washer sábẹ́ orí skrú, kí wọ́n fi sílíkọ́ọ̀nù tó fara da oòrùn yí i ká. Ọpá tó gbé páànẹ́lì, kó jẹ́ alumíníọ́mù. Ẹ lè rí i rà ní Dei-Dei. Irin lásán á dípẹtà, omi ìpẹtà rẹ̀ á sì sọ òrùlé funfun di pupa.

Kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí gúúsù, kó dagun ní ìwọ̀n 10 sí 15. Àbújá wà ní ìwọ̀n 9 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, kò fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí òrùlé yín bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ má tìtorí rẹ̀ kọ́ ilé tuntun, ohun tí ẹ máa pàdánù kò tó nǹkan. Kí àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà 10 wà láàárín páànẹ́lì àti páànù kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀.

Bréékà ló tún kù. Bréékà tí wọ́n ń lò fún iná NEPA, ti AC ni, ìyẹn iná tó ń lọ tó ń bọ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ amúlétutù. Iná AC ń dé òfo lẹ́ẹ̀ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà tí bréékà bá já, iná tó ń ta láàárín ẹnu rẹ̀ méjèèjì á kú fúnra rẹ̀. Iná páànẹ́lì, DC ni, ọ̀nà kan ló ń ṣàn sí, kì í dé òfo. Tí ẹ bá fi bréékà AC já 160V DC nígbà tó gbé ẹrù, iná náà á na ahọ́n láàárín ẹnu bréékà, kò ní kú, á máa jó ike rẹ̀ títí tí gbogbo rẹ̀ á fi yọ́. Ẹ wo ara bréékà: ẹ wá "DC", ẹ wá iye fóltì, ẹ wá + àti −. Tó bá ní + àti −, tí wọ́n sì so ó sódì, kò yàtọ̀ sí èyí tí kì í ṣe DC.

Wáyà bátìrì náà. Inverter 5kW lórí 48V lè fa 104A, 35mm² ni kí ẹ lò, kó kúrú, kó má ju mítà kan àbọ̀ lọ. Lórí 24V, agbára kan náà á di 208A. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ràn 24V fún ilé tó ń ronú pé òun á ra AC amúlétutù lọ́jọ́ iwájú. Gbogbo ilé ló ń ronú bẹ́ẹ̀.

Tísà Físíìsì Gwagwalada
Ẹ fi earthing kún un, ìyẹn ọ̀pá tó ń da iná tó bá ṣìnà sínú ilẹ̀. Ní Mpape àti Katampe tí gbogbo ilẹ̀ jẹ́ àpáta, ọ̀pá bàbà mítà 1.2 kì í wọlẹ̀. Oníṣẹ́ á gé e sí méjì, á fi ìdajì hàn yín. Kò já mọ́ nǹkan kan. Kí ó gbẹ́ kòtò gbọọrọ sí ibi tí ilẹ̀ wà, kó tẹ́ ọ̀pá náà sínú rẹ̀, kó da èédú àti iyọ̀ yí i ká, kó bomi sí i. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Akọ̀wé Garki
Ó yé mi. Ọ̀kan ló kù: bátìrì olómi mẹ́rin tàbí lithium kan?

Aṣírò Lugbe
Ẹ má wo iye owó tí wọ́n kọ sí i. Ẹ wo iye yúnìtì tó máa fún yín kó tó kú. Lithium 5.12, ẹ lo ìdá 90 rẹ̀, 4.6. Wọ́n á kọ pé ó lè gba iná ní ìgbà 6,000. Nínú ooru wa, ẹ fi 4,000 ṣírò. Yúnìtì 18,400. Olómi mẹ́rin tó jẹ́ 220Ah, ìdajì wọn jẹ́ 5.28, ìgbà 1,200: 6,336. Tí owó lithium kò bá tó ìlọ́po 2.9 ti olómi mẹ́rin, òun ló dínwó.

Baba Oníná Kubwa
Àfikún kan: wọ́n á gbé lithium wá, wọ́n á so ó mọ́ inverter tó ṣì wà lórí ètò olómi. Ètò olómi ní ìgbà tó máa ń gbé fóltì ga láti fi po omi inú bátìrì, lithium kò fẹ́ irú rẹ̀. BMS rẹ̀, ẹ̀rọ inú bátìrì tó ń dáàbò bò ó, á kàn pa gbogbo rẹ̀ lójijì, ilé á ṣókùnkùn nígbà tí bátìrì kún fọ́fọ́. Ẹ wọ inú menu, ẹ yan "User", ẹ fi 56V sí ibi charge, 54V sí ibi float. Tó bá ní wáyà tó ń jẹ́ kí inverter àti BMS bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n so ó.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ olómi, omi distilled ni kó máa bù sí i, lẹ́yìn tó bá ti gba iná kún, kì í ṣe ṣáájú. Pure water kì í ṣe pure níbí yìí. Tí ẹ bá ń lọ sílé fún Iléyá tàbí Kérésì, ẹ má pa olómi, ẹ fi í sílẹ̀ lórí páànẹ́lì. Lithium ní tirẹ̀, ẹ lè pa á pátápátá nígbà tó bá wà ní bíi ìdá 60.

Akọ̀wé Garki
Ẹ ṣeun, gbogbo ilé. Páànẹ́lì mẹ́rin, lithium kan, 48V. Ohun tí mo máa béèrè lọ́jà ti pé.

Lándílọ́ọ̀dù Karu
Akọ̀wé, ohun kan ṣẹ́kù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó jáde, ẹ ó kó páànẹ́lì, ẹ ó kó bátìrì. Ihò mẹ́rìndínlógún yẹn ńkọ́?